Ìjíròrò Lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwáyà: Ta Ni Kò Sí Níjókòó?



Àwọn ọ̀dọ́ Ìwáyà ní Èkó ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jíròrò ohun tó ń lọ láwùjọ. Mo bi wọ́n pé èdè wo ni kí n fi sọ ọ́. Wọ́n ní Yorùbá ni, nítorí àwọn òbí àwọn yóò wà níkàlẹ̀. Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ èdè tí àwọn òbí yín fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sọ ohun tó kan àwọn òbí yìí kan náà, èdè tí wọn kò gbọ́ nìkan ni ẹ fi ń sọ ọ́?

N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu Gẹ̀ẹ́sì o. Mo mọ ohun tó ń lé yín. Ọjọ́ pẹ́ tí ìwé-ẹ̀rí àjọ ìdánwò WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ti ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta. Nínú ìdánwò JAMB, ohunkóhun tí ọmọ bá fẹ́ lọ kà, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, dandan ni kó jókòó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sì fẹ́ já pá lọ sí Bírítéènì tàbí Kánádà yóò sáábà bá ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ IELTS pàdé. Apá ìsọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ju iṣẹ́jú 11 sí 14 lọ, ṣùgbọ́n ní ìparí rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwùjọ ni wọ́n ń bi ènìyàn: ètò ẹ̀kọ́, ìrìnnà, iṣẹ́, àyíká. Ẹni tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, iṣẹ́jú díẹ̀ yẹn á gùn lójú rẹ̀.

Ìtìjú tún wà ńbẹ̀. Ọmọ tó mọ ìwé dáadáa lè máà fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, nítorí bó bá já gbàgáùn kan péré, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in títí di ìparí táàmù. Mo gbọ́ pé òfin kìíní ẹgbẹ́ yín ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rín ẹlòmíràn. Ẹ kú iṣẹ́. Òfin yẹn nìkan tó láti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ rí ohùn ara wọn, kò sì sí owó táwọn òbí ń san fún lẹ́sìnnì tó lè ra irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Irú ẹgbẹ́ yín kì í sì í ṣe tuntun ní sàkáání yìí. Bí ènìyàn bá jáde ní Ìwáyà tó forí lé Yábàá, kò ní pẹ́ dé Yabatech. Kí Yabatech tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Yaba Higher College ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí ìjọba òyìnbó ṣí ní gbangba ní 1934. Inú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kò dùn sí i rárá. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe oyè yunifásítì, ẹni tó bá sì kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, abẹ́ dókítà òyìnbó ni yóò máa ṣiṣẹ́ sí. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies wà lára àwọn tó kó ara wọn jọ tí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní 1936 ó di Nigerian Youth Movement. Ní 1938 ó gba ìjókòó Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay lọ́wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ja ìjà yẹn, ó sì tọ́, nítorí òyìnbó ni wọ́n ń bá jà, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n sì ń jà lé lórí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dun ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń dun Ìwáyà lónìí, ẹlòmíràn, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló mọ bó ṣe ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Abẹ́òkúta, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó jọ tiyín jù lọ. Ní bíi 1932, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin mìíràn tó kàwé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies Club. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ìyàwó olùkọ́ àti ti àlùfáà wà nínú wọn. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ sísè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú obìnrin. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ń ta gààrí àti ìrẹsì lọ́jà kò sí láàárín wọn, òun sì ni owó orí ń jẹ ní ìyà jù.

Ní 1944, obìnrin ọlọ́jà kan sọ pé òun fẹ́ mọ̀wéé kà. Ìbéèrè yẹn ló yí ẹgbẹ́ náà padà. Wọ́n ṣí kíláàsì fún àwọn obìnrin ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wá kọ́ a, b, d bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú wọn ń rí: àwọn agbófinró ń gba ìrẹsì wọn láìsan owó tó tọ́, àwọn obìnrin ń sanwó orí ní orúkọ ara wọn, wọn kò sì ní ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Àwọn olùkọ́ wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1945, ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ bá aláṣẹ òyìnbó. Wọn kò rí ojútùú. Wọ́n gbé e fún ìwé ìròyìn Daily Service ní Èkó, láìpẹ́ gbígba ìrẹsì dópin.

Ẹ wo ìrìn tí ọ̀rọ̀ yẹn rìn. Ẹnu obìnrin tó ń ta ìrẹsì ló ti jáde, lédè Yorùbá. Ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó mọ̀wé, ó di Gẹ̀ẹ́sì lójú ìwé ìròyìn, ó sì padà sọ́jà gẹ́gẹ́ bí ìtura. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìgbésẹ̀ yẹn bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní débi tó dé.

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abeokuta Women's Union. Ìyá Ransome-Kuti, tó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, tó sì lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tó bá wù ú, wá ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, Yorùbá ló sì ń fi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fúnra wọn. Kì í ṣe pé ó ń ṣe agídí. Lójú tèmi, ó fẹ́ kí obìnrin tó dúró lẹ́yìn òun gbọ́ ohun tí òun ń sọ ní orúkọ rẹ̀, kó sì lè dá òun lẹ́kun bí òun bá ṣì í sọ. Ní Oṣù Kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kún iwájú ààfin. Ní Oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́ àti ìjíròrò ló ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó ṣílẹ̀kùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Abẹ́òkúta jìnnà, Èkó ní tirẹ̀. Alimọtu Pelewura, ẹlẹ́ja ni, kò mọ ìwé kà, òun sì ni olórí àwọn obìnrin ọjà. Ní Oṣù Kejìlá 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ rọ́ lọ sí ọ́fíìsì aláṣẹ. Ìjọba sún un dé £200, èyí tí kò kan ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tó wà níbí, ọ̀kan nínú yín ló ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mo ti wo àwọn àkòrí tí ẹ ti jíròrò. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ń ba ọmọdé jẹ́? Ṣé ó yẹ kí ọ̀dọ́ fi Nàìjíríà sílẹ̀? Ipa wo ni ojú ọjọ́ tó ń yí padà ń kó lágbàáyé? Àkòrí tó dára ni, inú ìwé ìdánwò ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ ní Oṣù Kẹfà, ta ló mọ gọ́tà tó ń kún àkúnya àti ilé tí omi kọ́kọ́ ń wọ̀? Ìyá tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀sà, tí èéfín igi ti ń wọ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti kékeré, ta ló ti bi í ní ìbéèrè kan? Mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri mọ iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń ná sórí omi ju ìwé ìjọba èyíkéyìí lọ.

Ní Oṣù Keje 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará etí ọ̀sà ní Mákòko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó kúrò. Wọ́n wó ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò rí ibi sùn, ìbọn ọlọ́pàá sì pa ọ̀kan nínú àwọn olórí àdúgbò. Ìròyìn rẹ̀ dé gbogbo ayé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí fi sunkún. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì wà láàárín wa nígbà yẹn, a kò sì kọ́ wọn pé iṣẹ́ ńlá ló wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ pín ìjókòó yín. Kí ẹ tó jíròrò ọ̀rọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá fínra, kó jókòó sórí àga, kó sọ ọ́ lédè tirẹ̀ láìsí ẹni tó ń dá a lọ́nà. Bó bá jẹ́ Ègùn ló ń sọ, ẹ ní àwọn Ègùn nínú ẹgbẹ́. Kí wọ́n ṣe ògbufọ̀. Ẹ béèrè títí yóò fi yé yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn, ẹ ó sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì yín yóò gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ ti ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí ó parí síbẹ̀ o. Ẹ padà sọ fún onítọ̀hún, lédè rẹ̀, ohun tí ẹ fẹnu kò sí, kó lè ní: ọmọ mi, ibí yìí ni ẹ ti ṣì mí gbọ́.

Mo mọ̀ pé òbí kan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Yorùbá yóò fà wọ́n sẹ́yìn. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ ohun tó jọ ọ́ ní Oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tó fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó wà lára ohun tó ń fa ìkùnà nínú ìdánwò. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Òfin pàápàá kò dè yín mọ́ Gẹ̀ẹ́sì: abala 97 nínú ìwé òfin 1999 fàyè gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti lo èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí èdè Yorùbá ní 2018.

Kí ẹ fi gọ́tà bẹ̀rẹ̀. Òjò kò ní pẹ́ dé. Ẹ pe ìyá mẹ́ta tí omi máa ń wọ ilé wọn, kí akọ̀wé kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ lédè Yorùbá, kí ẹ jiyàn lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì sí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Yábàá, kí àwọn ìyá náà tẹ ọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Èmi yóò bá yín ka lẹ́tà náà kí ó tó lọ.