Iná Jíjó Kì Í Ṣe Àyànmọ́ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ètò ààbò ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

  N kò ní pẹ́ jù, nítorí mo rí i pé oorun ti ń kun àwọn kan.

Bí iná bá jó ènìyàn níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn ará ilé á ní kádàrá ni. Ọ̀gá á ní kò ṣọ́ra ni. N kò fara mọ́ èkíní, n kò sì fara mọ́ èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn ni ìjóná ń pa lọ́dọọdún, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ṣé kádàrá olówó yàtọ̀ sí ti tálákà ni? Àbí àwa nìkan ni a kò mọ ìṣọ́ra? Iná kan náà ni wọ́n ń dá ní ìlú òyìnbó. Ohun tó yàtọ̀ ni ilẹ̀kùn, epo, omi, àti òfin tí ẹnì kan ń rí sí i pé wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, iná ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan ní Karachi, ní ilẹ̀ Pakistan. Òṣìṣẹ́ tó kú lé ní 250. Irin ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé, wọ́n sì ti àwọn ilẹ̀kùn àbájáde pa. Ní 2020, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́jọ́ pé ńṣe ni àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ dá iná náà. Ó dára, ẹni tó dáná jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló ti ilẹ̀kùn? Kò tó oṣù mẹ́ta sí i tí òmíràn tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Dhaka ní Bangladesh, ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá. Aago ìkìlọ̀ dún, àwọn fọ́ọ̀mánù ní kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Ó lé ní 110 ènìyàn tó bá a lọ.

Ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ló ń ṣe tàbí oúnjẹ ló ń jẹ, a kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè ṣí i kíá. Ẹ̀yin ẹ wo àgádágodo tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n á ní nítorí olè ni. Kí wọ́n gba ọlọ́dẹ sí i.

Ó wá ku epo. Ẹ̀yin ará ọkọ̀, ẹ fetí sí mi níbí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, tanka elépo kan ṣubú ní ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn ará ìlú lọ ń gbọ́n epo, iná gbà á: ó lé ní 150 òkú. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ó lé ní 80. Àwọn kan ń bú àwọn òkú náà pé olójúkòkòrò ni wọ́n. Èmi kò ní bú wọn. Ẹni tó yó kì í gbé garawa lọ sí ẹsẹ̀ tanka. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn náà kò mọ̀, ó yẹ kí àwa mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló ń wọ́ bí ejò. Á bá inú gọ́tà lọ títí á fi kan ààrò alákàrà tó jìnnà réré, iná náà á sì tọ ọ̀nà tó gbà lọ padà wá. Nítorí náà bí tanka bá ṣubú, pa ẹ́ńjìn bí o bá lè pa á, sá jìnnà, dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, kí o sì fi gbogbo ohùn rẹ lé ènìyàn. Mọ́tòbọ̀ì rẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó bá ọ rin ìrìn àjò kankan.

Pẹtiróòlù yìí kan náà ni wọ́n ń lú mọ́ kẹrosíìnì, tàbí kí wọ́n rọ kẹrosíìnì sínú tanka tí wọn kò fọ̀. Díẹ̀ péré ti tó láti sọ sítóòfù di bọ́ǹbù nílé yín, àwọn ọmọ àti ìyá wọn ni yóò sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ má ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ ẹni tó ń fi agolo kan náà wọn méjèèjì. Ẹ má sì rọ epo sí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́.

Ti rédíétọ̀ kò gùn. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè gba ooru rọ́bà òkè rẹ̀, má ṣí ìdérí. Kí èrò ọkọ̀ máa pariwo, ojú tìrẹ kọ́ ni wọn yóò gbé lọ sílé.

Bí iná bá wá jó ènìyàn ńkọ́? Bí aṣọ bá ń jó lára rẹ̀, kó dùbúlẹ̀ kó máa yí gbirigbiri. Bí iná mànàmáná bá ni, ẹ pa á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, omi. Omi tútù tó mọ́, kì í ṣe yìnyín, kó máa ṣàn lórí ibi tó jó fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ara tó wú. Ẹ má fa aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má tu ìléròrò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Epo pupa, ẹyin, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, ẹ́ńjìn ọ́ìlì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa gbogbo rẹ̀ tì. Ooru ni wọ́n ń há mọ́ ara, ìdọ̀tí ni wọ́n sì ń kó sójú egbò. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan tó láti máa dà díẹ̀díẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú náà. Mo fẹ́ kí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀ wa, kí ẹ̀rọ omi sì wà nítòsí gbogbo bọ́ílà. Ìyẹn wà lára ohun tí a ó gbé lọ bá ọ̀gá.

Ẹni tí iná bá jó lẹ́nu iṣẹ́, Òfin Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 wà fún un. Kó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó oògùn díẹ̀ pa yín lẹ́nu títí ọdún kan yóò fi kọjá, nítorí ọdún kan náà ni òfin fi sílẹ̀ fún bíbéèrè.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago méje àárọ̀, èmi àti àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò yí gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ká láti fi ọwọ́ wa ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti inú. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò tẹ̀ lé wa. Ilẹ̀kùn tí kò bá ṣí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, alága yóò sì mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè.