Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkẹjà àti Agége tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín tú ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 bàbá yín, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ó ṣeé ṣe. Ẹ kó nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i. Kí ẹ tó náwó ní Ládípò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe ríbóò wọn inú sílíńdà. Bó bá ti jẹ, rìǹgì tuntun nìkan ò ní dá èéfín dúró, owó yín á sì wọgbó. Sílíìfù 504 ṣeé yọ. Ẹ pààrọ̀ òun àti písítínnì pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń de bóòtù tọ́ọ̀pù padà, àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pe àwọn àbúrò wá wò ó o.