Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìròyìn, Òṣèlú àti Ẹ̀tọ́ Èsì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ayọ̀bọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó

  

Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí rédíò, wọ́n wò ó bí ó ti ń rojọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn kí ó gbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ ni wọ́n fún un, ẹ̀sùn ni wọ́n sì fi kàn án. Akọ̀ròyìn yòówù ní ibi tí ọkàn rẹ̀ fì sí, bí ó ti rí fún gbogbo ẹni tí obìnrin bí; èyí ni mo lè fi orí jì í. Ẹni tí n kò lè fi orí jì ni ẹni tí ń ro ẹjọ́ ẹlòmíràn fún aráyé gbọ́, tí kò sì fẹ́ gba èsì lẹ́nu rẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend, ajíhìnrere ìjọ CMS, gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọdún 1859, tí wọ́n ń tà á ní ọgọ́fà owó ẹyọ, inú ọmọ Yorùbá dùn pé òun náà ń ka ìròyìn ní èdè ìyá òun. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ojú Ẹ̀gbá tí ó ni Abẹ́òkúta sì ni ìwé náà fi wo ogun ọ̀hún, nígbà tí David Hinderer, ajíhìnrere ìjọ kan náà tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, ń fi ojú Ìbàdàn wò ó. Ìjọ kan, Bíbélì kan, ogun kan, òtítọ́ di méjì: ibi tí kálukú ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ni ó ti ń rí tirẹ̀. Abẹ́òkúta ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìbàdàn kò ní ohun tí yóò fi fèsì.

Ní 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá ìjà sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó fi ọ̀rọ̀ na Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rẹ̀ bí ẹní na ọmọ aláìgbọràn. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bọ́ síbẹ̀ kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà lọ títí. Ó gba ilé lọ, ó ń ro ohun tí yóò ṣe, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé tí a fi owó ìlú kọ́ nítorí èsì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ di ọ̀tá ní 1962, ilé èsì bọ́ sí ọwọ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá tí ó gba ipò olórí ìjọba lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ìjọba rẹ̀ sì dá ìwé ìròyìn Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964 kí ó lè máa kojú Nigerian Tribune tí Awólọ́wọ̀ ti dá sílẹ̀ láti 1949. Nígbà tí a dìbò ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, rédíò ìjọba ń ka ohun tí ìjọba fẹ́ gbọ́. Èdè wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: èsì ìdìbò, èsì ni, ìdáhùn ará ìlú sí ẹni tí ń ṣe àkóso wọn; ẹni tí ó bá sì yí i padà, èsì ni ó kọ̀. Ìbọn ni ẹnìkan gbé wọ ilé rédíò n'Ìbàdàn kí ohùn mìíràn lè jáde. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Àwọn tí kò ní ìbọn mú epo bẹntiróòlù, a sì mọ bí wẹ́tíẹ̀, ìdáná sun ilé àti èèyàn, ti parí. Bí a bá dí ẹnu èsì, ọwọ́ ní í fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí á dé ọjà wàyí, nítorí irọ́ òṣèlú a máa pariwo, ṣùgbọ́n ti ọrọ̀ ajé a máa rọra wọlé. Ẹni tí ó bá ti ra gàárì rí mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: gàárì yóò rú ní ẹnu rẹ̀ bí òkè Olúmọ, àfi ẹni tí ó bá yí i dà ni yóò mọ iye tí ó gbà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú. Ní oṣù kan péré sí i, ó di 24.48. Àkọlé ìròyìn kígbe pé ọ̀wọ́n-gógó ti já wálẹ̀. Ìyá tí ń ra ẹ̀wà l'Áyọ̀bọ̀ tú etí aṣọ rẹ̀ wò, kò rí ohun tí ó já. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀: wọ́n kúrò lórí ọdún 2009, wọ́n gùn lé 2024, ìpín tí oúnjẹ ní nínú rẹ̀ sì kúrò ní nǹkan bí 52 di 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ náà kò fi í pamọ́. Àkọlé ni kò gbé ìdí kọ́ńgò sókè fún wa wò. Bí kò bá tilẹ̀ sí ti òṣùwọ̀n, ẹni tí ń sáré gun òkè tí ó wá dín eré kù kò tí ì sọ̀ kalẹ̀.

Ta ni yóò wá bi akọ̀ròyìn léèrè? Abala 22 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 ní kí ó bi ìjọba léèrè. Kò sọ ẹni tí yóò bi akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, NBC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó rédíò àti amóhùnmáwòrán, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán AIT, Channels àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìròyìn ìwọ́de EndSARS, ṣùgbọ́n ní 2023 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ní àjọ náà kò ní àṣẹ láti máa bu ìtanràn. Mo fara mọ́ ìdájọ́ náà, nítorí ẹni tí ìjọba yàn kò lè jẹ́ onídàájọ́ láàrin ìjọba àti ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Àwọn oníwèé ìròyìn ẹ̀wẹ̀ ní àwọn yóò máa bá ara àwọn wí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nípa àpòòwé tí ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, ẹnu tí ó bá sì jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ó ku àwa tí a ń kà á. Ní ìdí àtẹ oníwèé ìròyìn ní ráńdábáòtù wa, láràárọ̀ ni àwọn èèyàn ń ka àkọlé láìra ìwé, tí wọ́n ń jiyàn títí ọkọ̀ Ìpájà yóò fi kún. Èsì gidi wà nínú iyàn náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ń kú sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú, kí ẹ sì tún kọ òmíràn bí kò bá tẹ̀ ẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin ọjọ́ méje. Ẹ lò ó. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, bí àṣìṣe bá jáde lójú ewé kìn-ín-ní, ẹ má ṣe jẹ́ kí àtúnṣe rẹ̀ lọ sá pamọ́ sáàrin ìkéde òkú.

 Ọ̀rọ̀ tèmi tán. Ó ku èsì yín.