Àmì Ẹ̀yẹ Wà Láyà, Ìwé Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

   

Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ìlú wa, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ti sùn, ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá lónìí. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ fi ní kí àwa alukoro sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Bí a ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó mú ohun kékeré kan dání, ó fi áńkáṣíìfù wé e. Ó ní, "Alukoro, ẹ wo ohun tí a rí nínú àpótí Màmá àgbà." Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń sọ. Àmì onírin kan ni, ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń há a mọ́ aṣọ. Ó ní láti kékeré ni àwọn ti ń gbọ́ ọ nínú ilé pé Màmá àgbà tọ́jú àwọn ṣọ́jà nílùú òyìnbó nígbà ogun Hitler, àti pé Ọbabìnrin ló fi àmì náà dá a lọ́lá. Ó ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ, kí a sì kà á sétí gbogbo ayé lónìí.

Lójú ẹsẹ̀ la gbà fún un. Ta ni kò ní fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ìlú òun wá? A tilẹ̀ ti kọ ọ́, ó ku ká fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ obìnrin mìíràn, tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ló dá wa dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ìyàwó ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi àwòrán ère kan ránṣẹ́ sí wa. Iwájú ilé ìwòsàn St Thomas' ni ère náà wà, oṣù kẹfà ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Ilé ìwòsàn yìí kan náà ni Kofoworọla Abẹni Pratt, ọmọ Èkó, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1946, kó tó padà wálé wá di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ yìí ni Mary Seacole.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Mary ní 1805. Ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Scotland. Ìyá rẹ̀ ní ilé ìgbàlejò, ó sì ń fi ewé àti egbò tọ́jú àwọn ṣọ́jà tó bá ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń se àgbo mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ìyá yìí ni Mary ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Panama ní 1851, ó wà níbẹ̀, ó ń tọ́jú èèyàn. Nígbà tí ibà apọ́njú pa àwọn ṣọ́jà ní Jàmáíkà ní 1853, òun náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí.

Ní 1854, ogun ń lọ ní Crimea. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ló ń bá Rọ́ṣíà jà. Mary wọ Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Ó dé ọ́fíìsì ogun, wọn ò gbà á. Ó lọ bá àwọn tó ń kó nọ́ọ̀sì jọ fún Florence Nightingale, wọn ò gbà á. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ń bi ara òun léèrè bóyá nítorí àwọ̀ òun ni. Ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá Thomas Day, ìbátan ọkọ rẹ̀ tó ti kú, da òwò pọ̀. Ní 1855, wọ́n kọ́ ilé kan nítòsí Balaclava, wọ́n sọ ọ́ ní British Hotel. Ó ń ta oúnjẹ, ó ń ta ọtí, ó ń ta oògùn. Bí ìbọn bá dún, á gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, á lọ tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. William Howard Russell, akọ̀ròyìn The Times tó wà lójú ogun náà, jẹ́rìí sí i pé ojú òun ni ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ ló kù. Ní 1869, Albert Challen ya àwòrán Mary. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti fi àwòrán náà ṣe ẹ̀yìn fírémù fún àwòrán mìíràn, kí òpìtàn Helen Rappaport tó dá a mọ̀. Ó ti wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Nínú àwòrán yìí, àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta ló wà láyà Mary. Àwọn tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ pé ti ogun Crimea ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀kan, Légion d'honneur ti Faransé ni ìkejì, Medjidie ti Tọ́kì sì ni ìkẹta. Ijọba mẹ́ta, láyà obìnrin kan ṣoṣo! Inú wa dùn débi pé a ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè ọ̀rọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n bánkì la ti ń jẹun. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bánkì mọ̀ pé bí oníbàárà bá wọ agbádá olówó iyebíye wọlé, iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. A wá béèrè pé: àmì ẹ̀yẹ wà láyà, ìwé rẹ̀ ńkọ́?

Láyé ìgbà náà, bí ọba ilẹ̀ òkèèrè bá fi oyè dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́lá, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Ọbabìnrin kó tó lè lò ó, wọ́n á sì tẹ àṣẹ náà sínú ìwé ìròyìn ìjọba, London Gazette. Àwọn òpìtàn wá orúkọ Mary níbẹ̀, wọn ò rí i pé ẹnikẹ́ni fún un ní oyè. Ti ogun Crimea ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àmì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Royal Red Cross, 1883 ni Ọbabìnrin Victoria tó dá a sílẹ̀. Mary ti kú ní 1881.

Ọ̀rọ̀ Faransé tún ní ìdí tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1871, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Paris, wọ́n sun ààfin Légion d'honneur, ìwé ibẹ̀ sì jóná. Nítorí náà, bí a kò bá rí orúkọ ẹnìkan lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé wọn kò fún un. Ọ́díìtọ̀ mọ̀ pé fáúṣà tó sọnù yàtọ̀ sí owó tí a kò san. Ṣùgbọ́n fáúṣà tó sọnù kì í ṣe ẹ̀rí pé a san án náà.

A kò wá lè dúró síwájú yín ká sọ pé ìjọba mẹ́ta fi oyè dá Mary lọ́lá. Ohun tí a lè sọ ni pé ó wọ àmì wọn ní gbangba, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn ọ̀gágun tó mọ̀ ọ́n. Count Gleichen, ìbátan Ọbabìnrin tí òun náà jagun ní Crimea, gbẹ́ ère rẹ̀ ní 1871, ó sì gbẹ́ àwọn àmì náà mọ́ ọn láyà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ wa jù. Inú London Gazette yìí kan náà, tí a kò ti rí oyè Mary, ni ìkéde gbèsè rẹ̀ wà. Nígbà tí ogun parí ní 1856, àwọn ṣọ́jà kó ẹrù wọn lọ, ọjà kún inú ilé Mary láìsí ẹni tó máa rà á. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú gbèsè, ilé ẹjọ́ sì kéde òun àti Thomas Day ní ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́. Ibi tí a ti ń wá oyè, gbèsè la bá níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbèsè yẹn lójú tiwa ju àmì ẹ̀yẹ lọ. Ó jẹ́rìí pé obìnrin yìí lọ lóòótọ́, pé ó ra ọjà lóòótọ́, pé owó ara rẹ̀ ló ná sójú ogun àwọn ẹlòmíràn. Ní oṣù keje ọdún 1857, wọ́n ṣe àjọ̀dún ọjọ́ mẹ́rin fún un ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi kó owó jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì jáde. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú wọn wá. Ẹni tó tọ́jú wọn ni wọ́n wá kí.

Ìgbà tí a ka èyí tán la rántí àmì Màmá àgbà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wa. A yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ẹ gbà wá gbọ́, a kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Wọ́n fín orúkọ Màmá síbẹ̀, wọ́n fín nọ́ńbà kan sí i, wọ́n sì fín ọdún sí i: 1953. Ogun Hitler ti parí láti 1945. Kì í ṣe àmì ogun rárá. Báàjì S.R.N. ni, èyí tí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fúnni láyé ìgbà náà, fún ẹni tó bá kàwé, tó yege, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá wọn.

A pe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Alukoro, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé Màmá wa purọ́?" A ní rárá o. A bi í pé ṣé Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ ogun yìí fún un. Ó ronú títí, ó ní, "Ó ṣe! Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fún òun. Àwa ọmọ la fi ogun sí i, a tún fi Ọbabìnrin sí i." Òun náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa náà wá bá a rín in.

Ẹ wò ó, irọ́ tí a fẹ́ fi yẹ́ Màmá sí kò bá mú oyè tirẹ̀ gan-an sọnù. Ọmọbìnrin láti ìlú yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òtútù, ó kàwé, ó jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀, ó yege. Ó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wálé, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí wa. A ti yọ ọ̀rọ̀ ogun kúrò. Ohun tí a ó kà lónìí nìyí: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, 1953. Bí ọwọ́ Màmá yìí bá ló kọ́kọ́ gbà yín nígbà tí ẹ wáyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ yín sókè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí yín. Àwa náà ti na tiwa.

Kí a tó jókòó, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta la ní sí ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí akọ̀wé ra ìwé ńlá kan, kí a máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ bá dá lọ́lá sínú rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é, iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe, kí alága àti akọ̀wé sì fọwọ́ sí i. Àwọn àwo tí a fún èèyàn ní ọdún méjì àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ wà ní pálọ̀ káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi fún wọn kò sí níbì kankan. Ìyẹn ò dáa. Èkejì, kí a fín orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn gbogbo àmì tí a bá ń fúnni, bí wọ́n ti ṣe fún Màmá. Ẹ̀kẹta, kí oníkálukú wa padà sílé lọ́sẹ̀ yìí, kó jókòó ti ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ tó ṣì wà láyé, kó bi í pé, "Màmá, níbo ni ẹ ti rí èyí?" Kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má fi iyọ̀ sí i.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀, ọmọ wa ò ní bá a.

Yíyẹ ní í yẹ ẹyẹlé, ẹgbẹ́ wa á yẹ wá kalẹ́. A ó ṣe ogún ọdún, a ó ṣe ọgbọ̀n, a ò ní dín kù láàárín ara wa.  Oúnjẹ ti dé.