Àárẹ̀ Irin: Ọ̀rọ̀ Lórí Apá Alùpùpù Àfọwọ́rọ

Irin kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Ẹ̀yìn alùpùpù ló wà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Swingarm ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi yóò máa pè é ní apá ẹ̀yìn. Bóòtì gbọọrọ kan ló fi iwájú rẹ̀ rọ̀ mọ́ ara alùpùpù, ẹ̀yìn rẹ̀ là sí méjì, ó sì gbá ọ̀pá táyà mú lọ́tùn-ún lósì. Bí táyà bá kọlu gegele, apá yìí ló máa ń gbéra sókè, tí ṣọ́ọ̀kì yóò sì tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fi ṣéènì fà, ohun tí bíréèkì ẹ̀yìn ń dá dúró, àti èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n àwọn tó jókòó, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Àwọn kan fẹ́ rọ tiwọn fúnra wọn: ẹnìkan fẹ́ kó gùn sí i kí iwájú alùpùpù má máa gbéra nílẹ̀, ẹlòmíràn fẹ́ fi táyà tó fẹ̀ sí i, òmíràn sì wà tí ti ilé-iṣẹ́ ti ṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé kì í sábà jẹ́ àìlágbára irin ló ń fa ewu nínú iṣẹ́ yìí. Irin máa ń rẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ kì í sì í hàn sójú. Nítorí náà, ìwọ̀n àti àyẹ̀wò ló ń sọ apá àfọwọ́rọ di ohun tó ṣeé gùn. Nínípọn irin kò tó, ọwọ́ wẹ́dà tó já fáfá pàápàá kò tó.

Àwọn baba wa ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà náà ń lu irin lójú kan, ṣùgbọ́n ìlà sísán ni tirẹ̀ ń fà yọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Versailles bọ̀ wá sí Paris nígbà tí ọ̀pá táyà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan ṣẹ́. Ó lé ní 50 ènìyàn tó bá a lọ. Kò yé àwọn èèyàn ìgbà náà bí irin tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe lè ṣàdédé dá sí méjì. August Wöhler, onímọ̀ ẹ̀rọ ojú irin ní ilẹ̀ Jámánì, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀ láàárín 1850 sí 1870. Ó rí i pé ẹrù tí irin lè gbé lẹ́ẹ̀kan láìmira lè ṣẹ́ ẹ bí a bá ń gbé e lé e, tí a ń gbé e kúrò, láìmọye ìgbà. Ó tún rí i pé irin dúdú ní ààlà kan: bí ẹrù kò bá dé ibẹ̀, ó lè máa gbé e lọ fún ìgbà pípẹ́ láìsán. Alumíníọ̀mù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù rẹ̀ ti wù kó kéré tó, iye ìgbà tí yóò fi gbé e níye. Ní ọdún 1954, ọkọ̀ òfurufú Comet méjì já bọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé òmíràn sínú àgbá omi ńlá ní Farnborough, tí wọ́n ń fẹ inú rẹ̀, tí wọ́n ń tú u, ara rẹ̀ ya láti igun ihò kan tí wọ́n gé sára rẹ̀. Igun ihò, etí ojú ìjópọ̀, ibi tí irin tó nípọn ti pàdé èyí tó fẹ́lẹ́: irú ibẹ̀ ni àárẹ̀ máa ń kọ́lé sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní ọ̀kadà kan ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́, kí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan gegele tàbí kòtò tó ní láárí nígbà 10 nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 1,000 nìyẹn lójúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, ó di ìgbà 300,000. Èyí ni ìdáhùn mi fún ẹni tó máa ń sọ pé, "A ti ń jó o bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì ṣẹ́." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tíì ṣẹ́ yàtọ̀ sí kò ní ṣẹ́. Apá tí a jó lánàá, tí a gùn dé ìlú kejì tí a sì gùn dé ilé, kò tíì jẹ́rìí ohunkóhun ju pé ó gbé ẹrù ọjọ́ kan. Ìlà sísán tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí lè lo oṣù mẹ́jọ lábẹ́ ọ̀dà kó tó já. Nígbà tó bá sì já, ẹni tó jó o ti lè gbàgbé pé òun jó o, àwọn ará àdúgbò yóò sì ní eré àsápajúdé ló pa ọlọ́kadà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sá di ni irin tó nípọn. Wọ́n á ní, "Fi èyí tó ki sí i, ọkàn wa á balẹ̀." Ibí yìí ni ìṣirò ti máa ń dójú ti ojú. Apá ẹ̀yìn nílò agbára kó má ṣẹ́, ó sì tún nílò kó má tẹ̀, kó má lọ́; ohun ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ mú páìpù kan tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá sọ fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì láìfi kún nínípọn ara rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọ lílọ́ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ pé nínípọn ara rẹ̀ la fi irin yẹn kún, ìlọ́po méjì náà péré la óò rí. Ìdí nìyẹn tí apá alùpùpù ìgbàlódé fi fẹ̀ bí àpótí, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Gígùn pẹ̀lú ní owó orí tirẹ̀. Bí a bá fi ìdá 10 nínú 100 kún gígùn apá láìyí nǹkan mìíràn padà, ẹrù kan náà yóò tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìdá 33 nínú 100, torí gígùn yẹn ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìṣirò títẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, yóò dà bíi pé sípíríìǹgì rẹ̀ rọ̀ ní bí ìdá 17 nínú 100. Ẹni tó bá fa apá rẹ̀ gùn, tó sì fi ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ sílẹ̀, alùpùpù mìíràn ló rọ láìmọ̀.

Ní ti jíjó, wẹ́dà tó mọṣẹ́ ṣe pàtàkì, n kò sì bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí ọgbọ́n rẹ̀ lè ṣe. Ẹlẹtiródù 6013 tó wọ́pọ̀ dára fún géètì àti fèrèsé. 7018 ló yẹ ibi tí ẹrù ń lù léraléra, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú nínú ààrò rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin tó bá fà máa ń sán ojú ìjópọ̀ láti inú. Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá: a kò fi ẹrù bí eléyìí sọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é, èéfín síńkì rẹ̀ sì lè fi ibà dá ẹni tó ń jó o dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Alumíníọ̀mù ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní 6061-T6 le dáadáa nígbà tó ti ilé-iṣẹ́ dé, àmọ́ bí iná ìjórin bá ti kàn án, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjópọ̀ lè pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó lè fi ọgbọ́n jíjó dá a padà. Ààrò tó ń ru gùdù ju ìwọ̀n 500 sẹ́ńtígíréèdì lọ, omi tó ń mú un tutù lójijì, àti ooru díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló lè dá a padà. 7075 tún le jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò gba ìjórin tí a mọ̀. Fún ẹni tó ń rọ apá rẹ̀ nílé, irin dúdú ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ wúwo.

Kí iná tó kan irin ni iṣẹ́ gidi ti máa ń parí. Tábìlì irin tí kò mì, tí ọ̀pá títọ́ kan dúró fún bóòtì iwájú, tí òmíràn sì dúró fún ọ̀pá táyà, tí méjèèjì kò sì yà síra: orí rẹ̀ ni a ti ń kó apá jọ. Irin tó gbóná máa ń fẹ̀, bó bá ń tutù, á súnkì, á sì fa ohun gbogbo lọ síbi tí a ti jó o kẹ́yìn. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ kàn án níwọ̀nba kéékèèké, a ó máa bọ́ láti ọ̀tún sí òsì, a ó sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí a tó tú u. Ẹ má rò pé àwàdà ni mìlímítà méjì. Bí ihò ọ̀pá táyà bá fi mìlímítà 2 ṣíwájú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí àyè àárín ihò méjèèjì jẹ́ mìlímítà 200, táyà ẹ̀yìn yóò kọjú síbi tó jìnnà sí ojú táyà iwájú ní mìlímítà 12 ó lé díẹ̀ lórí alùpùpù tí táyà rẹ̀ méjèèjì fi mítà kan àti ìdámẹ́rin jìnnà síra. Àwọn nǹkan kékeré tún wà tí wọn kì í gbọ́ ẹjọ́. A gbọ́dọ̀ dá ọ̀pá tó ń di ìdérí ìlù bíréèkì mú padà síbi tó le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdérí náà yóò bá táyà yí lọ́jọ́ tí a bá tẹ bíréèkì gidi. Dídẹ̀ ṣéènì náà, ibi tí bóòtì iwájú, ọ̀pá táyà àti eyín ṣéènì ti iwájú bá ti bọ́ sórí ìlà kan ni a ti ń wò ó, torí ibẹ̀ ló ti máa ń le jù.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń fọwọ́ rọ nǹkan nílé ló mú wa dé ibi tí a dé? Òun ni, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè náà. Rex McCandless ará Belfast, tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, ló rọ alùpùpù tirẹ̀ nínú àwọn ọdún 1940, tó fi apá ẹ̀yìn sí i, tó sì yọ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ Citroën lò fún un. Òun àti arákùnrin rẹ̀ ló wá ṣe férémù tí ayé mọ̀ sí Featherbed fún ilé-iṣẹ́ alùpùpù Norton. Ní ọdún 1950, Norton gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta nínú eré ìje Senior TT ní Isle of Man. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣáájú ayọ̀ yẹn: wọ́n gbé férémù náà lọ sí Montlhéry lẹ́bàá Paris, àwọn awakọ̀ mẹ́rin sì fi eré ìje gùn ún fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń wá ibi tí yóò ti ṣẹ́. John Britten ní Christchurch, New Zealand, fọwọ́ ṣe alùpùpù V1000 tirẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fi carbon fibre ṣe apá ẹ̀yìn rẹ̀, pápá ìje ló sì ti lọ dán an wò. Àwọn tó ń fi orúkọ McCandless àti Britten gbèjà ara wọn máa ń mú apá kan ìtàn náà, wọn a fi èkejì sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba kúkú fòfin de fífọwọ́ rọ apá ẹ̀yìn. N kò gbà. Òfin tó bá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rọ ọ́, ẹ̀yìn ilé ló máa lé iṣẹ́ náà lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wọ̀n ọ́n. Ní Britain, alùpùpù tí ènìyàn kọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ la àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MSVA kọjá kó tó gba nọ́ńbà. Ní Jámánì, ẹni tó bá yí apá ẹ̀yìn padà gbọ́dọ̀ mú un lọ fún olùyẹ̀wò tó ní àṣẹ. Nílé wa, akoto ni ìmúṣẹ òfin lórí ọ̀kadà ti dúró lé jù láti ọdún 2009. Akoto dára, ṣùgbọ́n orí nìkan ló ń dáàbò bò.

Àyẹ̀wò tí mo ń sọ kò sì kọjá agbára ọgbà mẹkáníìkì. Kí a de apá tuntun mọ́ tábìlì rẹ̀ láti iwájú, kí a fi jáàkì ti ọ̀pá táyà sókè pẹ̀lú ẹrù tó ju èyí tí yóò gbé lójú ọ̀nà lọ, kí a sì wọn ibi tó dé. Bí a bá tú jáàkì, tí kò sì padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn, kò ní padà mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹfun. Àwọn ọgbà ojú irin ti ń lo epo àti ẹfun wá ìlà sísán kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò òde òní tó dé. Ẹ fọ ojú ìjópọ̀ kí ọ̀rá tàbí ọ̀dà má kù, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun tí ẹ pò mọ́ sípíríìtì kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Kẹrosíìnì tó bá ti sá wọ inú ìlà sísán yóò tún padà yọ, yóò sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ẹfun. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kun ọ̀dà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn kìlómítà 500 àkọ́kọ́, àti ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú táyà ẹ̀yìn. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ọn àti ẹ̀yìn bóòtì iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìlà bá hàn, ẹ má jó o padà. Ẹ gé apá náà sí méjì, kí ẹlòmíràn má baà rí i lẹ́bàá ọgbà yín, kó gbé e lọ lò.