Ohun Tí Òfin Ń Pè Ní Kọ̀ǹpútà



Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò lónìí. Inú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló wà, òfin tí wọ́n fi ń mú ẹni tó bá já wọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1986. Ohun tí òfin náà pè ní kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, agbára òòfà, ìmọ́lẹ̀ tàbí ọ̀nà mìíràn láti yára ṣiṣẹ́ lórí ìsọfúnni: kí ó ṣírò, kí ó fi nǹkan wé nǹkan, tàbí kí ó tọ́jú nǹkan pamọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ díẹ̀ sílẹ̀. Táípúráítà aládàáṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́mú náà kò sí níbẹ̀, àti ohunkóhun tó bá jọ wọ́n.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, àwọn aṣòfin yẹn rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ sílẹ̀ lè gbé gbogbo nǹkan mì, ni wọ́n bá tètè yọ èyí tó wà lórí tábìlì wọn. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń yára tó kí a tó lè sọ pé ó yára? Òfin kò wí. Fóònù tó wà lápò yín yìí yára ju kọ̀ǹpútà tó gba odindi yàrá nígbà náà lọ.

Ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan dí ẹ̀rọ rédíò tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní 2003. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní rédíò kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dáhùn ní 2005, Adájọ́ Frank Easterbrook ló kọ ìdájọ́ náà: ẹ̀rọ tó ń pín ọ̀nà fún ohùn àwọn ọlọ́pàá ń ṣírò, ó sì ń yan èyí tó yẹ, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni. Ó fi kún un pé bí ọpọlọ ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òfin náà yóò ṣe máa fẹ̀ sí i.

Ó sì fẹ̀ lóòótọ́. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mìíràn gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó fi fóònù Motorola dá ọ̀ràn. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló fi fóònù náà ṣe, kò fi dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ilé ẹjọ́ yẹ ìwé ìlò fóònù náà wò, wọ́n rí i pé ó ń ka iye àkókò tí ènìyàn fi wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kíkà ni ìṣirò, ìṣirò sì ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 168 ni wọ́n dá fún un. Bí fóònù kò bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, 140 ni ì bá jẹ́. Oṣù 28 ni ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fi kún ẹ̀wọ̀n ọmọ ènìyàn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kọ̀ láti túmọ̀ rẹ̀. Òfin wọn ti 1990 kò sọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́, adájọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Bó ṣe yẹ nìyẹn, lójú tèmi.

Àwa ńkọ́? Ẹ ṣí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti 2015, sí abala 58. Gbólóhùn Amẹ́ríkà yẹn ló wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́mú, wọ́n yọ ọ́. Táípúráítà, wọ́n yọ òun náà, ní 2015! Èmi kò tíì gbọ́ pé ọmọ Yahoo kan fi táípúráítà lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. A yá agbádá, a kò tilẹ̀ gé apá rẹ̀ kí ó bá wa mu. Ohun tí a wá fi kún un ló burú jù: gbogbo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó bá lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà, kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rọ POS abẹ́ agboòrùn wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń kì bọ etí láti gbọ́ orin láti inú fóònù náà, mi ò rí bí a ó ṣe yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 2011, Òfin Ẹ̀rí wa ti sọ ọ́ ní ṣókí, ní abala 258: ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìsọfúnni tó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ilé ẹjọ́ kan náà ni yóò lo òfin méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, bí wọ́n bá mú ọmọkùnrin kan dé ilé ẹjọ́ lọ́la pé ó tú inú mítà iná aládùúgbò rẹ̀, ẹ má fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ jà lórí bóyá mítà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Pẹ̀lú ìtúmọ̀ tiwa yìí, yóò ṣòro kí ó má jẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ abala 6 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fi kàn án, ẹ kà á fún adájọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015: wíwọlé láìgbàṣẹ nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fún jìbìtì, kí ẹni náà sì rí ìsọfúnni tó ṣe kókó fún ààbò orílẹ̀-èdè mú. Kí ẹ wá ní kí olùpẹjọ́ fi han ilé ẹjọ́, nínú mítà onílé náà, ibi tí ààbò orílẹ̀-èdè wà.