Bí A Ṣe Kó Ọmọ Kéékèèké Mẹ́ta Lọ sí Òkè Òkun



Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó wọn láti Kánò níbí lọ kí ẹbí, ìlú mẹ́ta la kọ sílẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù, Párísì àti Níú Yọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìrìn àjò ní físà Lọ́ńdọ̀nù á gbé wa dé Párísì. A gbà á gbọ́. A ti san owó ọkọ̀ ojú irin kí a tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Faransé wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Físà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni 5, ilẹ̀ 3: físà 15! Owó ọkọ̀ wọmi, a yọ Párísì kúrò.

Inú bí mi, àmọ́ ẹ gbọ́ o. Aago Níú Yọ́ọ̀kì fi wákàtí 5 rẹ̀yìn sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Aago mẹ́ta òru làwọn ọmọ jí, wọ́n ń bèèrè oúnjẹ àárọ̀. Òru mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní a ti Párísì dé ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì; ọdún 5 péré ni tiwọn. Ìyá tó bá ń dá kó ọmọ lọ, kó gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ bàbá wọn.

Àbíkẹ́yìn wa ṣì ń bèèrè Párísì. Mo ní kó kọ́kọ́ dàgbà ná.